Báwo ni mo ṣe lè mú kí ímeèlì ìkíni káàbọ̀ máa lọ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀?

Abẹ́ Automation nínú ètò tí o fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́ ni wàá ti ṣe é: kọ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan, sọ pé ìforúkọsílẹ̀ tuntun ni kó máa gbé e jáde, kí o sì tan án.

Ní MailerLite, fún àpẹẹrẹ, kọ́kọ́ dá group kan (àkójọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀) sílẹ̀, kí o so fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ rẹ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ṣí Automations, yan dídarapọ̀ mọ́ group yẹn gẹ́gẹ́ bí ohun tó máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fi Email sí i, kí o kọ ọ̀rọ̀ rẹ. Má fi Delay síwájú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìkíni tó dé lọ́jọ́ kejì ti pẹ́, pàápàá bí o bá ti ṣèlérí ẹ̀dínwó.

Àwọn tó ti wà nínú group kí o tó tan ètò náà kò ní rí i gbà. Bí o bá sì ń lo double opt-in (pé kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i látinú ímeèlì), ìkíni kò ní lọ àfi lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá tẹ ìlíǹkì ìfìdímúlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé ètò náà ò ṣiṣẹ́.

Àdírẹ́sì tó ní orúkọ ìkànnì tìrẹ ni kí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti @gmail.com, kí o sì ṣètò SPF àti DKIM fún un, ìyẹn àwọn ètò tó ń fi hàn pé látọ̀dọ̀ rẹ ni ímeèlì náà ti wá lóòótọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google ti ń béèrè méjèèjì, pẹ̀lú DMARC (tó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ímeèlì tó bá kùnà nínú àyẹ̀wò yẹn), lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi ímeèlì tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lójúmọ́.