Ǹjẹ́ Robinson Crusoe Gbé Ayé Rí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́lá ọmọ mi, tó wà ní girama, ń ka ìwé Robinson Crusoe. Ó ń bi mí bóyá ọkùnrin náà gbé ayé rí. Kí ni kí n sọ fún un? — Ìyá Bọ́lá, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Bọ́lá. Daniel Defoe ló kọ ìwé náà ní 1719, òun ló sì fi orí ara rẹ̀ ro Crusoe, atukọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tó wá dá nìkan wà ní erékùṣù. Àmọ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí atukọ̀ ọmọ Scotland kan, Alexander Selkirk. Ní 1704, òun àti ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Selkirk ní ọkọ̀ náà ti ń jò, ó sàn kí wọ́n já òun sílẹ̀ ní erékùṣù kan tó jìnnà sí etíkun Chile. Wọ́n já a sílẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ ọ̀hún sì padà rì!

Eku ń gé e jẹ lóru, ló bá fi ẹran fa ojú ológbò mọ́ra títí wọ́n fi ń sùn tì í. Nígbà tí ẹ̀tù ìbọn rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ló fi ń lé ewúrẹ́ mú, awọ wọn ló sì ń wọ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni pé nígbà tí Woodes Rogers, ọ̀gá ọkọ̀ ọmọ England kan, wá gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1709, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ààbọ̀ ààbọ̀ ló ń sọ ọ́. Bàtà tí wọ́n fún un, ṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú rẹ̀. Crusoe inú ìwé ní Friday, ìránṣẹ́ rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Selkirk ò ní ẹnì kankan.

Kí Bọ́lá wo máàpù: láti 1966, Robinson Crusoe ni wọ́n ń pe erékùṣù náà.