Ṣé kiránkì 366 lè wọ inú ẹ́ńjìnnì 911 mi?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Típà 911 ni mo fi ń kó yanrìn n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ́ńjìnnì 352 ló wà nínú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà, a tú u, ojú kiránkì, irin tí píṣítìnì máa ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ti họ. Mẹkáníìkì mi lóun rí tòkunbọ̀ kan ní Ládìpọ̀, ti 366 ni, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, á jókòó. Owó wà nílẹ̀ àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kí n rà á? (Bàbá Típà)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ má tíì sanwó o. Lóòótọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n, Mercedes ló bí àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹsẹ̀ àbúrò gùn ju ti ẹ̀gbọ́n lọ. Fífẹ̀ ojú sílíńdà 352 yín jẹ́ mílímítà 97, píṣítìnì ẹ̀, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, ń rin 128 láti ìsàlẹ̀ dókè. Ti 366, 97.5 ni, ó ń rin 133. Ẹlòmíì á ní márùn-ún péré ni ìrìn wọn fi jura lọ, kí ló wá ṣe? Ẹ pín in sí méjì, ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀: píṣítìnì yín á fi 2.5 gun òkè kọjá ibi tó yẹ kó ti padà, bẹ́ẹ̀ àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ àti héèdì tó dé sílíńdà lórí nínú ẹ́ńjìnnì diesel ò tó yẹn rárá, ó máa gbá a ni. Kó jókòó sórí bíárìn, irin pẹlẹbẹ tí ojú kiránkì ń yí nínú ẹ̀, ọ̀tọ̀, kó yí ọ̀tọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ lọ́jà, ẹ gbé kiránkì sórí igi méjì tó dọ́gba, ẹ yí ojú kóńróòdù kan, ìyẹn ibi tí irin tó so píṣítìnì mọ́ kiránkì máa ń dì mọ́, sókè pátápátá, ẹ wọn orí ẹ̀ láti ilẹ̀, ẹ wá yí ojú kan náà sísàlẹ̀, ẹ tún orí ẹ̀ wọ̀n. Ẹ yọ kékeré nínú ńlá: 128, ẹ máa ná an, 133, ẹ kí ọlọ́jà kẹ́ ẹ máa lọ.

Àbí ẹ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo tiyín ná? Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi kẹrosín pa á, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá da ẹfun sí i lára. Tó bá sán, kẹrosín á yọ ìlà gba inú ẹfun yẹn. Tí ò bá sán, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ sí ten tàbí twenty, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe máa dín ojú ẹ̀ kù, ten yẹn ò ju 0.25 mílímítà lọ, kẹ́ ẹ wá ra bíárìn tó bá a mu. Ibẹ̀ gan-an ló ti gbá mi lójú rí: wọ́n lọ kiránkì mi sí twenty, ọlọ́jà kó bíárìn sínú páálí tí wọ́n kọ twenty sí, mi ò yí i wẹ̀yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń tẹ sáìsì sí, àṣé standard, ti kiránkì tí wọn ò tíì lọ̀, ló wà nínú ẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti gbéra, mi ò tíì dé Ṣágámù tí iná ọ́ìlì fi tàn, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Tí wọ́n bá ń dì í padà, bí wọ́n bá ti ń mú káàpù kọ̀ọ̀kan tó di bíárìn mú le ni kí wọ́n máa fọwọ́ yí kiránkì. Ibi tó bá ti wúwo, ẹ tú káàpù yẹn wò. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fi sítátà yí i kẹ́ ẹ tó fọwọ́ ara yín yí i.