Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Kóòṣì Mi Gba Góòlù Rí, Ṣùgbọ́n Kò Mọ̀ Ọ́n Kọ́ Èèyàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Eré ọkọ̀ ojú omi ni mò ń kọ́, èyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù. Kóòṣì wa ti gba góòlù rí, àmọ́ tí n bá bi í pé báwo ni mo ṣe máa ṣe é, "ṣáà máa wò mí" ló máa ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ wádìí ìtàn Ned Hanlan. Ta ni, ṣé òun náà sì di kóòṣì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ mọ nǹkan tó ń sọ. Ọmọ Toronto ní Kánádà ni Hanlan, 1855 ni wọ́n bí i, erékùṣù tó wà níwájú ìlú yẹn ló sì dàgbà sí, kò tíì dàgbà tó ti ń dá tukọ̀ kiri. Kò ga, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti bí ínṣì 9 péré, àwọn fìrìgbọ̀n ló sì ń bá du ún. 1877 ó gba oyè ṣámpíọ̀nù ti Kánádà, 1878 ti Amẹ́ríkà, 1879 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó di November 1880 ó na Edward Trickett ará Australia lórí odò Thames, bó ṣe di ṣámpíọ̀nù gbogbo ayé nìyẹn. Ó tún máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ o! Tó bá ti já ẹnì kejì sílẹ̀, á dúró, á máa juwọ́ sáwọn èrò, lọ́jọ́ ti Trickett ńṣe ló dojú bolẹ̀ sínú ọkọ̀ bí ẹni tó dákú, ó tún dìde, ó ń tukọ̀ ẹ̀ lọ. Ìwà ọ̀yájú ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Àṣírí ẹ̀ wà nínú ìjókòó inú ọkọ̀ tó ń sún síwájú sẹ́yìn. Òun kọ́ ló ṣe é, àwọn tó kù náà ní in, apá àti ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń fi fa àjẹ̀ ní tiwọn, òun wá ń ká orúnkún ẹ̀ dáadáa, á wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ọkọ̀ lọ. Alágbẹ̀dẹ kan, William Beach, ló gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀ ní Sydney lọ́dún 1884.

Ó di kóòṣì, bẹ́ẹ̀ ni. 1897 ló bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, ó tún ṣe káńsẹ́lọ̀ ìlú náà ní 1898 àti 1899, lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì Columbia ní New York.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Charles Courtney, káfíńtà ni, Hanlan nà án ní 1878. Ní 1879 wọ́n tún fẹ́ du 6,000 dọ́là ní adágún Chautauqua ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti fi ayùn rẹ́ ọkọ̀ Courtney sí méjì, Hanlan nìkan ló wá dá sáré ọjọ́ náà, àwọn kan tiẹ̀ ní Courtney fúnra ẹ̀ ló rẹ́ ẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e lórí odò Potomac, Courtney ò lè bá a sáré dópin. Ìtìjú ńlá! Àmọ́ Courtney yìí kan náà ló kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà láti 1883 títí tó fi kú ní 1920, nínú ìdíje àgbà 24 tí wọ́n bá àwọn yunifásítì yòókù ṣe, wọ́n gba 14. Ní 1901, 1902 àti 1903, Hanlan wà ní Columbia, Cornell ló ń borí ìdíje yẹn ní gbogbo ìgbà. Ọkùnrin náà le o, wọ́n ní ó lé àwọn ọmọ kan kúrò nínú tíìmù torí pé wọ́n jẹ kéèkì ṣáájú ìdíje.

Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé ara Hanlan ló mọ iṣẹ́ yẹn, ẹnu ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, Courtney ní tiẹ̀ ti pàdánù débi tó fi máa jókòó ro gbogbo ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, má bi kóòṣì yín bó ṣe ń ṣe é mọ́. Bi í pé kí ló ń ṣe é nígbà tí kò tíì máa borí, kí ni wọ́n sì ní kó yí padà. Ó máa rí ẹnu dáhùn ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé àwọn atukọ̀ yìí máa ń kọ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ẹni tó wà níwájú ló ń rí ẹni tó ń lé e bọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ò rí nǹkan kan àyàfi tó bá yíjú. Ìdí nìyẹn tí Hanlan fi ráyè ṣe gbogbo yẹ̀yẹ́ tó ń ṣe yẹn: ó ń wo Trickett lójú kòrókòró.