Ṣé kí n ta DSLR mi, kí n lọ ra mirrorless?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ya fọ́tò, lápá Ọjà Ọba. Fọ́tò ọjọ́ ìbí, pre-wedding àti ti àwọn ọmọ FUTA tó ń gboyè ni mo ń yà jù. DSLR Canon 5D Mark III ni mo ń lò, pẹ̀lú lẹ́ńsì 85mm f/1.8 àti 50mm f/1.8. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti ń ra mirrorless, kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú. Ṣé kí n ta tèmi ni? Àwọn lẹ́ńsì mi ńkọ́, ṣé wọ́n ti di aláìwúlò nìyẹn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ta lẹ́ńsì kankan. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lowó àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti ń jóná: wọ́n á ta gbogbo ohun tí wọ́n ní ní gbàǹjo, wọ́n á wá wọ gbèsè nítorí lẹ́ńsì RF, èyí tí Canon ṣe fún mirrorless.

Ní ti kámẹ́rà, ṣí igba fọ́tò tó o yà kẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà, kó o fẹ̀ wọ́n títí wàá fi rí irun ìpéǹpéjú. Tí ojú bá klíà nínú èyí tó pọ̀ jù, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń dà ọ́ láàmú, mirrorless ò ní bá ọ yanjú ẹ̀. Lọ ra softbox tó tóbi, àpótí aṣọ tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ fíláṣì rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ imú tàbí etí ló ń klíà, tí ẹyinjú ń ṣe bàìbàì, a jẹ́ pé o nídìí láti ronú àtipààrọ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú DSLR, dígí tó wà níwájú sensor (ohun tó ń gba àwòrán sílẹ̀) ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sókè sí ihò tá a fi ń wòran, ó sì ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá sísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ autofocus, tó ń wá ibi tó máa klíà, wà. Ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ pé ó ti mú. Sensor tó máa ya fọ́tò gan-an ò tíì rí nǹkan kan. Tí ìwọ̀n àwọn méjèèjì ò bá ṣe déédéé, bó ti wù kó kéré mọ, focus á bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ní f/8, tí ojú lẹ́ńsì kéré, o lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá fi 85mm ya ẹni tó jókòó ní mítà méjì sí ọ ní f/1.8, tí ojú lẹ́ńsì ṣí gbayawu, ohun tó máa klíà látiwájú dẹ́yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ìbú ìka mẹ́ta péré. Kí ìyàwó kàn tún gèlè ṣe báyìí, ojú ti jáde níbẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Màmá kan ń ṣe àádọ́rin ọdún, ó wọ góòlù, ó jókòó bí ayaba. Mo fi àmì àárín mú ojú wọn, mo yí kámẹ́rà díẹ̀ kí gèlè lè wọlé, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin rí fọ́tò, ó ní: "Bọ̀dá, ṣé yẹtí màámi lẹ yà ni?" Òótọ́ ló sọ.

Nínú mirrorless, dígí ti kúrò. Sensor fúnra rẹ̀ ló ń wá focus, nítorí náà àṣìṣe ìwọ̀n tí mo sọ yẹn kò sí mọ́. Kámẹ́rà á tún dá ẹyinjú mọ̀, á sì máa tẹ̀ lé e bí ẹni náà ṣe ń mira. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí oníṣẹ́ fọ́tò ènìyàn tìtorí rẹ̀ náwó nìyẹn. Àmọ́ kó o tó náwó rárá, AF Microadjustment, ibi tá a ti ń tún ìwọ̀n focus ṣe, wà nínú menu 5D Mark III tìrẹ. Gbìyànjú ẹ̀ lórí 85mm yẹn ná. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló wo kámẹ́rà rẹ̀ sàn.

Tó o bá wá fẹ́ ra, àdápítà EF-EOS R ni kó o rà mọ́ ọn, òrùka tó ń so lẹ́ńsì EF, irú tìrẹ, mọ́ mirrorless Canon. Kò sí gíláàsì kankan nínú ẹ̀, òfìfo ni. Mìlímítà 44 ni lẹ́ńsì EF fẹ́ kó wà láàárín òun àti sensor, mirrorless Canon tó ń lo RF sì jẹ́ 20. Àdápítà ló di mìlímítà 24 tó kù. Torí náà fọ́tò ò ní bàjẹ́ nítorí rẹ̀, eye detection, ìyẹn dídá ẹyinjú mọ̀, náà á sì ṣiṣẹ́ lórí 85mm rẹ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó o bá gbé e wọ sítúdíò, ojú kámẹ́rà lè ṣókùnkùn bí òru. Má sáré dá a padà fún ẹni tó tà á. Ohun tí fọ́tò máa jọ láìsí fíláṣì ló ń fi hàn ọ́. Kò mọ̀ pé fíláṣì ń bọ̀. Wọ menu, pa Exposure simulation. Tó o bá jáde síta, tàn án padà, torí ibẹ̀ ló ti wúlò jù: ẹni tó dúdú, tó wọ léèsì funfun nínú oòrùn Ìdànrè, wàá ti rí i pé ojú rẹ̀ ti ṣú kó o tó tẹ̀ ẹ́. Má sì fi silent shutter, ìyẹn yíyà láìsí ariwo, ya fọ́tò ní sítúdíò: lórí EOS R, ọ̀kan lára mirrorless Canon, fíláṣì ò ní tàn. Kódà àwọn àgbà ò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ń retí kí ó ró, tí wọn ò bá gbọ́ ọ, wọ́n á ṣì máa rẹ́rìn-ín dúró dè ọ́.

Bátìrì ńkọ́? Lórí 5D Mark III, fọ́tò 950 ni Canon ní bátìrì kan lè yà. Lórí EOS R, 370. LP-E6 tó o ní á wọ inú rẹ̀, nítorí náà kó wọn mọ́ra, kó o sì ti gba iná sí gbogbo wọn lálẹ́ kí NEPA tó mú un lọ. CF káàdì ò wọ EOS R, SD nìkan ni, ojúhò ẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó, EOS R6 tó gba SD méjì ni mo máa ní kó rà. EOS R50 dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní irin kékeré àárín tí trigger (ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ fún fíláṣì) olówó pọ́ọ́kú ń lò lórí kámẹ́rà. Tírú ẹ̀ bá lo ní, fíláṣì rẹ ò ní tàn.

Tí ọyẹ́ bá dé, sensor tí kò ní dígí níwájú máa ń tètè gba eruku. Pa kámẹ́rà kó o tó yọ lẹ́ńsì (EOS R máa ń ti shutter, ìlẹ̀kùn iwájú sensor, dí i tó o bá pa á), dojú ẹ̀ kọlẹ̀, kó o sì kẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Tokunbo lo máa rà, mo mọ̀. Mú 85mm àti trigger tìrẹ lọ síbẹ̀. Fi f/1.8 ya ẹni tó ń tà á fún ọ gan-an níwájú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà kó o ya ògiri funfun ní f/16. Ìdọ̀tí tàbí ọgbẹ́ ara sensor á hàn bí àmì dúdú. 5D yẹn, jẹ́ kó ṣì wà nínú báàgì títí wàá fi fi tuntun ṣe òde mẹ́ta mẹ́rin.