Omi ń dúró lórí òkúta

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, omi ìwẹ̀ àti ìfọṣọ ni mo ń darí gba inú kòtò òkúta wẹ́wẹ́ tí mo gbin eésún sí, kí n lè fi bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi ti ń dúró lórí òkúta báyìí, ó sì ń rùn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ọ̀rá, irun àti ìdọ̀tí ló dí kòtò náà lẹ́nu àbáwọlé omi. Ẹ kó òkúta mítà kan àkọ́kọ́ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí táńkì tí omi ti ń kọ́kọ́ dúró fún bí ọjọ́ kan kí ìdọ̀tí lè rì sísàlẹ̀, yóò tún dí dandan. Òkúta ńláńlá, 40 sí 80 mm, ni kó wà lẹ́nu àbáwọlé. 10 sí 20 mm ni ìyókù. Ẹ má da yanrìn sí i rárá! Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ páìpù sí ibi tí omi ń gbà jáde, kí omi má ga ju 5 sí 10 cm lábẹ́ ojú òkúta lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn kò ní ráyè yé ẹyin. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí ẹ da omi náà sí, kì í ṣe ẹ̀fọ́ àjẹtútù, torí kòkòrò àrùn kì í tán nínú rẹ̀.