Màmá Àkúrẹ́ Ní Ọmọ Ti Rù, Lẹ́tà Ilé Ìwé Ní Ó Ti Sanra Jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun. Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni ilé ọkọ mi, Manchester là ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Tómiwá, ó wà ní kíláàsì kẹfà. Wọ́n wọn gíga rẹ̀ nílé ìwé, wọ́n gbé e lórí òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé ìwọ̀n rẹ̀ ti ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo sunkún. Èmi ni mo ń dáná, a kì í sábà ra oúnjẹ títà. Ọkọ mi ní kí n fa lẹ́tà náà ya. Màmá Àkúrẹ́ rí ọmọ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ó mà ti rù o! Ṣé ẹ ń fún un lóúnjẹ ṣá?" Ọ̀dọ̀ wọn la sì ń lọ lóṣù kẹjọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Èrò mi ni pé kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé oúnjẹ rẹ̀ kù láti ìsinsìnyí. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Tómiwá.

Ìdáhùn: Ìyá Tómiwá, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Irú lẹ́tà yẹn dé ọ̀dọ̀ tèmi náà ní Leeds lọ́dún méjì sẹ́yìn, lórí ọmọbìnrin mi. Ẹ̀yin sunkún, èmi bínú. Mo ní kí ló kan òyìnbó pẹ̀lú egungun ọmọ Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà náà fi wà lórí fíríìjì kí n tó jókòó kà á dáadáa, ìgbà yẹn ni mo rí i pé kò síbi tí wọ́n ti pè mí ní òbí burúkú.

Àyàfi tí òbí bá kọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wọn ọmọ nílé ìwé ìjọba ní England: nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti ní kíláàsì kẹfà. Wọn kì í ka ìwọ̀n ọmọdé bí wọ́n ti ń ka ti àgbàlagbà. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ohun tó jẹ́ kí ìbínú mi rọlẹ̀ ni pé, nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bí ọmọ 1 nínú 10 ni ìsanrajù ń bá jà, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di kíláàsì kẹfà, ó ti ju 1 nínú 5 lọ. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàrin. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń rí ọmọ láràárọ̀ kì í sì í tètè rí i. Èmi ò rí i, ẹ̀yin náà ò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé oúnjẹ Tómiwá kù bí ẹni ń fìyà jẹ ẹ́. Ọmọ tó ń dàgbà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé a fẹ́ kí ọmọ bẹ́ẹ̀ fọn; a fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ rọra dúró kí gíga rẹ̀ lè bá a. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lójú rẹ̀. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. "Òróbó" ni mo máa ń pe ọmọ mi, mo rò pé eré ni. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó bá ọ̀rá bisikíìtì mẹ́sàn-án lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi kọ́ ọmọ láti máa jẹun níkọ̀kọ̀. Orúkọ yẹn kò tún jáde lẹ́nu mi mọ́.

Ìdáná ilé ìwé ló kọ́kọ́ ràn wá lọ́wọ́. Láti 2014 ni ìdáná ti di dandan nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ní England, títí wọ́n á fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe é kò dọ́gba o. Mo gbọ́ ti ibì kan tó jẹ́ pé kéèkì ni wọ́n ń yan lọ́dún, kéèkì ni lẹ́ẹ̀mí-ìn. Ẹ lọ béèrè ohun tí Tómiwá ń sè níbẹ̀. Ti ọmọ mi, olùkọ́ kọ́ wọn ní ọ̀nà méjì tí ọmọdé lè gbà gé nǹkan láìgé ọwọ́: nínú ọ̀kan, àtàǹpàkò àti ìka á ṣe bí afárá lórí ohun tí wọ́n ń gé, ọ̀bẹ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nínú èkejì, ìka á ká kò bí èékánná ológbò, kí orí ìka má bàa sí níwájú ọ̀bẹ. Ó dé ilé, ó ní òun fẹ́ gé kárọ́ọ̀tì. Mo na ọwọ́ láti gba ọ̀bẹ, ìyá rẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ẹ̀fọ́ tó ti ń ṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo láti kékeré, ọjọ́ tó fọ̀ ọ́, tó gé e, tó rò ó fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló bù ú. Kì í ṣe idán. Nígbà mí-ìn ó ṣì ń ṣà á. Ṣùgbọ́n òun ló tún tú àṣírí wa. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ń dáná, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa, ọkàn wa sì balẹ̀ pé oúnjẹ ilé kì í ṣe ọmọ níbi. Ọmọ ń ka ìwé ìdáná tí wọ́n fún un, ó ní, "Dádì, ṣíbí epo mélòó la ń dà sí ọbẹ̀?" Ta ló ń ka ṣíbí nílé wa? Ojú la fi ń wọ̀n ọ́n. A wá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà: ṣíbí ńlá mọ́kànlá nínú ìkòkò kan fún ènìyàn mẹ́rin. Márùn-ún là ń lò báyìí. Ìyàwó mi ráhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì dákẹ́.

Ó wá ku Màmá. Ẹ̀yin náà mọ oríkì àwa ará Àkúrẹ́, ọmọ a múdà sílẹ̀ fogun ẹnu pani. Ìyàwó ilé kò lè ja ogun yẹn láé, torí náà ẹnu ọkọ yín ni kí ọ̀rọ̀ ti jáde, kí ó sì jáde kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹ má bínú sí wọn náà. Àwọn ìyá wa ti rí ọmọ tí ebi àti àìsàn fà gbẹ; ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún kò lè dẹ́rù bà wọ́n. Tí ẹ bá ní kí wọ́n má fún ọmọ lóúnjẹ, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Iṣẹ́ mí-ìn ni kí ẹ fún wọn.

Ohun tí mo ṣe lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá nìyí, nílé ìyá mi ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́. Mo sọ fún ìyá mi pé òyìnbó ti kọ́ ọmọ yìí ní ìdáná tiwọn, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ Àkúrẹ́ kan tó lè sè. Ó dùn wọ́n wọra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi rìn lọ sí Ọjà Ọba, wọ́n ra ilá, wọ́n ra iṣu tuntun, ọmọ ló gbé báàgì bọ̀. Ó ká ìka kò bí èékánná ológbò, ó ń gé ilá lórí pákó. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn ń gé tiwọn sí, láti ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ni odó jáde. Èmi ni mo ra ẹ̀rọ ìgúnyán sílé yẹn, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ẹni tó bá fẹ́ jẹyán nílé àwọn á gún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òógùn ti bo ọmọ. Mo ti sanwó fún u ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ní Leeds rí, mi ò rí irú òógùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bu iyán fún un, mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n bù ú bí ìkúùkù ọmọ náà ná, tó bá fẹ́ sí i á béèrè. Ìjà kan ṣoṣo tí mo jà nìyẹn. Àwa la tọ́ àwọn ọmọ wa ní "jẹ ẹ́ tán, má fi ṣòfò", wọ́n á yó tán, wọ́n á tún máa tì í mọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí ó kéré nínú àwo, kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti yó.

Iyán gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù ní Àkúrẹ́, málíìtì ni. Kò sí àlejò tó máa wá kí "ọmọ ìlú òyìnbó" lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì gbà pé málíìtì ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀. Ṣúgà àfikún tó yẹ ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá ní òòjọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 24 lọ, bíi kóró ṣúgà mẹ́fà. Agolo Coke kan tó jẹ́ 330ml ní gíráàmù 35. Ẹ yí ìgò málíìtì padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. England ń gba owó orí lórí ohun mímu tó dùn jù láti 2018, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì dín ṣúgà kù kí wọ́n má bàa san án. Nàìjíríà náà ti bu ₦10 lé lítà kan, ẹ̀yin ẹ wo bóyá ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí a ṣe ni pé a kó gbogbo èyí tí àlejò gbé wá sínú yàrá ìyá mi, ọjọ́ Sunday nìkan ni ó ń jáde, fún gbogbo ilé. Gbogbo ilé ni mo wí o, àti bàbá rẹ̀. Tí Tómiwá bá ń mu omi, tí àbúrò rẹ̀ ń mu málíìtì lójú rẹ̀, ẹ ti pe orúkọ kan fún un láìlanu.

Ti eré, àjọ ìlera àgbáyé ní ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́, èyí tó máa mú kí ọmọ mí hẹlẹ. Ní Àkúrẹ́, ẹ ṣí géètì ni. Súwè, tẹ́ńtẹ́n, bojúbojú, bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ àdúgbò á ṣe ìyókù. Ẹ gbé e lọ sí Òkè Ìdànrè pẹ̀lú, àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ kí ẹ tó dé ààfin àtijọ́. Èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ ìsinmi, kì í ṣe ọmọ.

Tí ẹ bá padà sí Manchester ni iṣẹ́ wà, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú láago mẹ́rin. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwé rẹ̀ ń ṣe ìrìn ìṣẹ́jú 15 tí ilé ìwé kan ní Stirling, ní Scotland, bẹ̀rẹ̀ ní 2012, tí àwọn ọmọ ń jáde rìn tàbí sáré nínú aṣọ ilé ìwé wọn. Kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú ilé. Èmi awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo ń sọ ọ́.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ dúró di oṣù kẹjọ: ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn Tómiwá àti abíyá rẹ̀. Tí ibẹ̀ bá dúdú, tó nípọn bí àrán, ẹ má fi kànrìnkàn ha á, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó lè jẹ́ àmì pé ṣúgà ti ń di ìṣòro fún ara rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, tàbí tó bá ń hanrun gidi lóru, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n tí òùngbẹ àti ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa dé Àkúrẹ́, ẹ fi tó mi létí. Odó méjì ló wà lẹ́yìnkùlé ìyá mi, èyí tó kéré bá ọmọ ọdún mẹ́wàá mu.

Bàbá Ìfẹ́, Leeds.