Ibà tó ń wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́: ẹ wo eruku àgbàdo náà

Arákùnrin mi, ẹ kú ìnira. Ẹ ní ó ti di oṣù kẹrin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìlọ oúnjẹ adìyẹ, pé ẹ ti tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàrin àkókò náà, pé ikọ́ gbígbẹ kò fi yín sílẹ̀, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹ̀fọn àdúgbò yín ló le ju ti ibòmíràn lọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni mo gbà, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ṣìnà kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè tó yẹ.

Ìbàdàn ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà, nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti sóyà. Lásìkò òjò, àgbàdo tí wọn kò sá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sí àpò máa ń bu láti inú wá. Bí mo bá tú irú àpò bẹ́ẹ̀, tí mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ooru ni ọwọ́ mi máa ń bá níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ kan ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ọkà á ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí mo bá sì dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, eruku kan tó jọ eérú, tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, á rú sókè, oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé á sì fi í hàn bó ṣe ń fò kiri tí kò tètè balẹ̀. Aṣọ kékeré kan ni mo máa ń so mọ́ imú.

Bí mo bá tú irú àpò bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kò sí ohun tó ń ṣe mí títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, gbogbo oríkèé ara á máa ro mí, àyà á há, màá sì máa wá èémí. Mo máa ń ra oògùn ibà lọ́dọ̀ ẹlẹ́gbòogi àdúgbò, màá lò ó, màá sùn, tí ilẹ̀ bá fi mọ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, ara á ti fúyẹ́. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Ibà tí eruku yìí ń fà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan sí méjì bí ènìyàn bá ti kúrò nídìí rẹ̀, nítorí náà oògùn tí mo lò ló ń gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe.

Ìgbà tí mo lọ sìnkú bàbá ìyàwó mi ni ojú mi là díẹ̀. Ọjọ́ 16 ni mo lò lábúlé náà, ẹ̀fọn ibẹ̀ pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ, a kò sì sùn lábẹ́ àwọ̀n, síbẹ̀ ara mi kò gbọ̀n rárá, ikọ́ náà sì dákẹ́. Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni mo tún ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora méjì.

Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn kò rí ibà ẹ̀fọn. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, wọn kò rí ikọ́ ife. Dókítà obìnrin kan ló wá béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, àti aago tí òtútù náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dáhùn tán, wọ́n ní eruku ọkà tó bu ló ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣe mí, pé ó sábà máa ń fara hàn láàrin wákàtí 4 sí 8 lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fa eruku náà símú. Ohun tó ń mú kí ọkà bu jẹ́ ohun alààyè, ó sì ń sọ irúgbìn sínú afẹ́fẹ́ bíi ti olú. Púpọ̀ nínú irúgbìn náà kéré débi pé tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1000, fífẹ̀ wọn kò tó 5 nínú rẹ̀. Imú kò lè mú wọn, wọ́n ń wọlé títí dé àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Wọn kì í bí sí i nínú ara bíi kòkòrò ikọ́ ife. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń gbógun tì wọ́n, ogun náà ló ń di ibà àti àyà híhá. Ìdí nìyí tí oògùn apakòkòrò kò fi ran èyí, tí irúgbìn tó ti kú pàápàá sì ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ̀dọ̀fóró lè dá àpá, àpá náà kì í sì í san.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Ó ti lé ní 300 ọdún tí dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, ti kọ nípa ìyà tí eruku ọkà fi ń jẹ àwọn tó ń kù ú, ní 1932 sì ni dókítà Campbell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ oko tí koríko gbígbẹ tó ti bu sọ di aláìsàn. Ó dùn mí pé a ṣì ń pè é ní ibà ẹ̀fọn lọ́dọ̀ wa.

Aṣọ tí a so mọ́ imú kò dá a dúró, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìbòmú N95, irú èyí tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ má ṣe gbá ilẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ bẹ ọ̀gá yín pé kí wọ́n má gba àgbàdo tí omi inú rẹ̀ ju nǹkan bíi 13 nínú 100 lọ sílé ìkópamọ́. Ní tèmi, ìbòmú nìkan kò tó, nítorí ara tó ti kọ́ ìjà yìí kò nílò eruku púpọ̀ mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní láti kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo mọ bí ó ti nira tó fún ẹni tó ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Ibà ẹ̀fọn ṣì wà o, nítorí náà ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn rẹ̀. Bí èémí bá ń há yín ní ìjókòó, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ aago tí ẹ tú àpò, aago tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àti bí ara ti rí lọ́jọ́ ìsinmi sínú ìwé kan, kí ẹ gbé e fún dókítà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé inú eruku àgbàdo tó bu lẹ ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè.